Àgò Kì í Ṣe Ìwé Àṣẹ

Ọmọ tí a kọ́ nílé kì í já wọ ilé onílé. Bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà, yóò dúró, yóò ní, "Àgò onílé o." Bí onílé bá wà nílé, yóò dáhùn pé, "Àgò yà." Gbólóhùn méjì péré ni, ṣùgbọ́n ìwà ìlú wà nínú wọn. Ẹni tó kágò kò tọrọ ilé. Ó fẹ́ kí ará inú ilé mọ̀ pé òun ń bọ̀ ni, kí ẹni tó wà ní ìhòòhò fa aṣọ bora, kí ẹni tó dáná sójú ọ̀nà gbé ìkòkò rẹ̀ kúrò. Ẹni tó dáhùn náà kò ta ilé fún un; ó yà fún un ni. Iṣẹ́ ẹni méjì ni àgò, nígbà náà: ti àlejò ni láti sọ, ti onílé ni láti yà.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n fún òfin kan tó ti ń dá wàhálà sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa láti ọjọ́ pípẹ́, òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kó ènìyàn jọ sí gbangba, tàbí tó bá fẹ́ ṣe ìwọ́de gba ìgboro kọjá, kọ́kọ́ lọ gba ìwé àṣẹ. Ibi tí n ó ti wọ̀n ọ́n ni Ìbàdàn àtijọ́, ní àárín Bẹẹrẹ, Màpó, Ọjà'ba àti Bẹ́yẹrúnkà, nítorí pé ojú pópó ibẹ̀ ti mọ èrò tó ń kọ́wọ̀ọ́ rìn kí ọlọ́pàá tó dé ilẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ará ọ̀run. Bí ọdún egúngún bá ń bọ̀ ní Ìbàdàn, eégún kan kì í ṣàdédé gbé agọ̀ wọ̀ kí ó bọ́ sí títì. Àwọn àgbà ti jókòó, wọ́n ti dá ọjọ́, wọ́n ti fi tó Olúbàdàn àti àwọn ìjòyè létí, agboolé gbogbo sì ti gbọ́. Nígbà tí eégún bá wá jáde, atókùn ń bẹ níwájú, onílù ń bẹ nítòsí, àwọn ọ̀dọ́ tó mú pàṣán ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó wà ní òpópónà kejì yóò ti gbọ́ ìlù kí ó tó rí agọ̀, bí ó bá sì jẹ́ ọmọ ìlú, ìlù náà yóò sọ fún un bóyá Atìpàkò ló ń bọ̀ tàbí Alápáńsánpá. Ìlù yẹn ni àgò. Olúbàdàn kò ní òǹtẹ̀ kankan tí yóò lù fún eégún kí ó tó lè jáde. Eégún ló ń lọ sí ọ̀dọ̀ ọba láti kí i àti láti súre fún un.

Ọdún Òkè'bàdàn tún yani lẹ́nu ju ìyẹn lọ. Inú oṣù Ẹrẹ́nà ni a máa ń ṣe é, Abọ́kẹ̀ ni olórí ìsìn rẹ̀. Ní ọjọ́ náà, a kì í dáná ní ìlú. Èrò á tú síta, wọn á máa kọ orin èébú kiri ìgboro, wọn á máa dárúkọ ohun tí ẹnu àgbà kì í dá ní ọjọ́ mìíràn, ẹni ńlá kò sì yọ sílẹ̀ nínú èébú náà. Òfin ọjọ́ náà ni pé ẹni tí a bú kò gbọdọ̀ bínú. Ẹ wo bí ìlú ṣe to ọ̀rọ̀ yìí: a mọ ọjọ́ rẹ̀, a mọ ohun tí gbogbo ènìyàn gbọdọ̀ yẹra fún, a sì mọ ààbò tó wà lórí ẹni tó ń kọrin. Ẹnìkan lè ní òmìnira ọjọ́ kan ṣoṣo láàárín ọdún kò tó nǹkan. N kò bá a jiyàn. Ohun tí mo rí ni pé ìlú tó lè gbọ́ èébú ara rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ láìpe ọlọ́pàá mọ ohun kan nípa ìfọkànbalẹ̀ tí àwọn tó ṣe òfin wa kò mọ̀.

Nígbà tí òyìnbó dé, wọ́n gbé ìjókòó àṣẹ lọ sórí òkè. A ṣí gbọ̀ngàn Màpó ní 1929, ní ìgbà ọ̀gágun Ross tó jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ilé olópòó ràgàjì tó ń wo òrùlé páànù ìlú láti òkè. Láti ìgbà náà ni gbogbo ẹni tí ohun kan ń dùn ní Ìbàdàn ti mọ ibi tí òun yóò kọjú sí. Adégòkè Adélabù mọ̀ ọ́n, ẹni tí a ń pè ní Penkelemeesi. Ó mọ bí a ṣe ń kó èrò jọ, ó sì mọ bí a ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tó kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta 1958, ìlú bú jáde. Kò sí ẹni tó kọ lẹ́tà kí ó tó sunkún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹkún nìkan la rí: a pa ènìyàn, a jó ilé, àwọn tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ sì wà lára àwọn tó fara gbá a. Ẹni tó bá fẹ́ sọ òótọ́ nípa ìwọ́de gbọdọ̀ sọ èyí náà.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù kọkànlá 1968, àwọn àgbẹ̀ tí a mọ̀ sí Àgbẹ́kọ̀yà gun òkè Màpó kan náà nítorí owó-orí. Ìbọn ni ìjọba fi dá wọn lóhùn, ẹ̀mí sì ṣòfò. Lẹ́yìn náà ni ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Ayọ̀ọlá dìde láti wádìí ohun tó ń bí wọn nínú, nígbà tó sì yá, a dín owó-orí kù. Kí ni èyí fi hàn? Àgò ni àwọn àgbẹ̀ wá ká. Bí a bá ti dáhùn ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kígbe, ọ̀rọ̀ kì bá tí dé orí ìbọn.

Òfin tí mo ń wí yìí, ìjọba ológun ló gbé e jáde ní 1979, ní ọdún tí wọ́n gbé ìjọba fún alágbádá. Ó fún gómìnà ní agbára lórí ìpàdé ìta gbangba àti ìwọ́de gbogbo. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọdọ̀ tọrọ ìwé àṣẹ, ó kéré tán ní wákàtí 48 ṣáájú; gómìnà sì lè gbé agbára náà lé kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá lọ́wọ́. Èyí tí a bá ṣe láìgbàṣẹ, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mo ka òfin yìí gẹ́gẹ́ bí ẹni ń ka ìwé lítíréṣọ̀, mo ń wá ẹni tí òǹkọ̀wé rò pé ó ni ojú pópó. Ìdáhùn rẹ̀ hàn gbangba: ìjọba ló ni í, àwa yòókù ń yá a lò ni. Ìwọ́de, nínú òfin yìí, jẹ́ ìwà tí a lérò pé ó burú títí ọ̀gá kan yóò fi sọ pé kò burú.

Àwọn kan á ní bẹ́ẹ̀ ni ayé ṣe rí, pé ọ̀dọ̀ òyìnbó la ti kọ́ ọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1986 ní kí ẹni tó fẹ́ ṣe ìwọ́de fi ìwé tó ọlọ́pàá létí ní ọjọ́ 6 ṣáájú. Kí ó fi tó wọn létí ni òfin wí. Ọlọ́pàá lè sọ ọ̀nà tí ìwọ́de yóò gbà, ṣùgbọ́n bí a ó bá fòfin dè é pátápátá, mínísítà gbọdọ̀ fọwọ́ sí i. Wọ́n tún ti fún okùn òfin wọn le sí i ní 2022 àti 2023, àwọn ọmọ ìlú wọn sì ń ráhùn. Síbẹ̀, àgò ni ìpìlẹ̀ tiwọn. Ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi lélẹ̀ fún àwọn tí wọ́n jọba lé lórí ni ó yàtọ̀, òun náà ni àwa tọ́jú lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ.

Ilé-ẹjọ́ ló wá já okùn náà. Ní oṣù kẹsàn-án 2003, ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP kó èrò jọ ní Kánò láti fi ẹ̀hónú hàn lórí ìdìbò ọdún náà. Ọlọ́pàá kọ̀ láti fún wọn ní ìwé àṣẹ, wọ́n sì fi gáàsì tajútajú tú wọn ká. Ẹgbẹ́ náà pe ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá lẹ́jọ́. Wọ́n jàre ní ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní 2005, wọ́n sì tún jàre ní ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní oṣù kejìlá 2007. Adájọ́ obìnrin, Olúfúnlọ́lá Adékẹ́yẹ, ló ka ìdájọ́ náà: pé ní ìjọba tiwa-n-tiwa, ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú ni láti péjọ ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀ láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pé ìwé-òfin 1999 ló fún un ní ẹ̀tọ́ náà, àti pé òfin tó bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 tẹ̀lé ojú ọ̀nà kan náà: bí ènìyàn bá fi tó ọlọ́pàá agbègbè létí pé òun fẹ́ ṣe ìpàdé tàbí ìwọ́de, iṣẹ́ ọlọ́pàá náà ni láti kó ènìyàn jáde wá dáàbò bò ó. Ẹ gbọ́ ọ: ọ̀kan kágò, èkejì yà.

Àmọ́ ìwà kì í bá òfin yí padà ní ọjọ́ kan náà. Nígbà tí ìwọ́de oṣù kẹjọ 2024 ń bọ̀, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ní kí àwọn tó fẹ́ ṣe é wá fi orúkọ àti bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ kọmíṣọ́nnà. Ní Èkó, ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n má kúrò ní ọgbà kan ní Òjótà àti òmíràn ní Kétu. Ojú Ìbàdàn ni mo fi wo ìyẹn. Eégún tí a ní kí ó jó nínú ọgbà títí ilẹ̀ fi ṣú, tí kò gbọdọ̀ gba ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni kọjá, kí ni ó jáde wá ṣe? Ẹni tí ìwọ́de ń bá wí kì í gbé inú ọgbà.

Ó ku apá kan tí n kò gbọdọ̀ fò, kí a má baà sọ pé mo ń fi àṣà bo ẹ̀bi mọ́lẹ̀. Bí Olóòlù bá jáde ní Ìbàdàn, obìnrin kò gbọdọ̀ rí i. Ìyá tó pàtẹ ní Ọjà'ba yóò palẹ̀ mọ́, ọmọbìnrin tó ń ti ilé-ìwé bọ̀ yóò wá ibi tí yóò forí pamọ́ sí. Ìlù ti kágò fún un, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń retí lọ́wọ́ rẹ̀ kọjá kí ó yà. Sísá ni a ní kí ó sá. Yíyà àti sísá kì í ṣe ọmọ ìyá. Ẹni tó yà ṣì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ọ̀nà ṣì jẹ́ tirẹ̀; ẹni tó sá ti fi ọ̀nà sílẹ̀. Níhìn-ín ni àṣà wa ti kùnà òṣùwọ̀n tí òun fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀, níhìn-ín sì ni iṣẹ́ gidi wà fún ìjọba àti ọlọ́pàá: kí wọ́n jẹ́ kí ìlú mọ wákàtí àti ọ̀nà tí ìwọ́de yóò gbà, ìbáà ṣe ti eégún, ti ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí ti ọmọ ilé-ìwé, kí wọ́n ṣí ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ fún ẹni tí kò bá wọn lọ, kí ẹni tó bá gbé ọwọ́ lé ọmọlàkejì sì jìyà ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe, láìdi ẹ̀bi ru gbogbo èrò.

Ìyẹn ni mo rò pé ó yẹ kí a bi ẹni tó fẹ́ jáde: ọjọ́ wo, ọ̀nà wo, ta ni atókùn? Kí a má bi í pé kí ni yóò kọ lórin. Èyí tó bá ti bi í ní ti orin ti kúrò ní onílé, ó ti di ẹni tó fẹ́ sọ ẹnu ọ̀nà di ògiri. Màpó ṣì wà lórí òkè, Ọjà'ba ṣì wà nísàlẹ̀, àwọn tí nǹkan ń dùn yóò sì máa gòkè lọ. Ohun tó kù sí ọwọ́ àwọn tó jókòó lókè ni kí wọ́n kọ́ ìdáhùn tí gbogbo ọmọ wa mọ̀ kí wọ́n tó mọ ìwé kà.