Dúdú Tó Wà Lára Falcon 9

Funfun báláú ni Falcon 9, rọ́kẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́ SpaceX, máa ń rí nígbà tó bá kọ́kọ́ fò. Tó bá lọ lẹ́ẹ̀kan tó sì bọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Kẹrosíìnì kúkú ni epo rẹ̀, wọ́n kàn sẹ́ ẹ ju èyí tí à ń rọ sí sítóòfù lọ ni, àárín iná ara rẹ̀ ló sì ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: apá kan lókè mọ́ ju ìsàlẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni táńkì ọ́síjìn olómi wà. Ó tutù débi pé yìnyín bo ara rẹ̀, èéfín ò sì rí ibi lẹ̀ mọ́. Àmì yẹn wù mí ju gbogbo àwòrán ìpolówó wọn lọ.

Apá ìsàlẹ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì náà, èyí tó ń padà wá sílé, gùn tó mítà 41. Ẹ́ńjìnnì 9 ló wà nídìí rẹ̀, òun ló sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó rọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Tẹ́lẹ̀ rí, tí irú rẹ̀ bá ti ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ tán, òkun ló ń gbé e mì. Space Shuttle, ọkọ̀ òfuurufú tí Amẹ́ríkà ń lò nígbà náà, ń lọ, ó ń bọ̀, lóòótọ́, àmọ́ owó àtúnṣe rẹ̀ kò jẹ́ kí èrè hàn.

Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú méjì àbọ̀, Falcon 9 á tú apá òkè sílẹ̀ kó máa lọ, á sì yíjú padà. Apá mẹ́rin á ṣí lára rẹ̀. Títáníọ́ọ̀mù ni wọ́n, ihò kún ara wọn bí àwọ̀n irin tí a fi ń yan ẹja. Àwọn ló fi ń tọ́ ọ̀nà bó ṣe ń já bọ̀.

Ibi tó wá le nìyí. Táńkì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ara rẹ̀ ti fúyẹ́. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo, bí wọ́n tilẹ̀ dín iná rẹ̀ kù dé góńgó, ṣì lágbára ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Kò lè rọ̀ sójú kan kó máa wá ibi tí yóò bà lé. Tí iná bá tètè tàn jù, á dúró kó tó délẹ̀, á tún máa gòkè padà. Tó bá pẹ́ jù, ó di àfọ́kù. Eré rẹ̀ gbọ́dọ̀ tán pátápátá lásìkò kan náà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀. Lars Blackmore, ẹnjiníà SpaceX, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ló ṣe ìṣirò tí kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ fi ń tún ọ̀nà wá bó ṣe ń bọ̀. Iná aláwọ̀ ewé á kọ́kọ́ bù yẹ̀rì nídìí rẹ̀, torí kẹ́míkà tó ń gbiná fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ń tan án. Àfi bó bá ku ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ṣí. Ọkàn tèmi ò lè gbà á!

Wọn ò ṣàdédé mọ̀ ọ́n. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2015, epo tó ń yí apá mẹ́rin yẹn tán lọ́nà, rọ́kẹ́ẹ̀tì náà sì lọ fọ́ sórí ọkọ̀ ojú omi tó yẹ kó bà lé. Ní oṣù Kẹrin, fáàfù kan lọ́ra lára òmíràn; rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn balẹ̀, ó wó. Alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ló tó dúró gbọn-in ní Cape Canaveral. Ní 2017, SpaceX kó fídíò àwọn tó fọ́ jọ, wọ́n ki orin bọ̀ ọ́, wọ́n gbé e síta. Mo kí wọn fún ìyẹn náà.

Ọdún yẹn kan náà, ní oṣù Kẹta, ni èyí tó ti fò rí kọ́kọ́ tún fò. Àwọn kan nínú wọn ti lọ ju ìgbà 20 lọ báyìí, tàwọn ti dúdú ara wọn.