Mailman kó lọ sílé tuntun, líǹkì àtijọ́ ńkọ́?

Nígbà tí Debian 11 jáde ní 2021, Mailman 2.1, software tó ń pín ímeèlì kan fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Python 2 ló gbé e ró, ìtọ́jú ìyẹn sì ti parí ní 2020. Mailman 3 nìkan ló kù.

Òótọ́ ni, ti àtijọ́ níwà burúkú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù, á fi password yín ránṣẹ́ sí yín láìbò ó. Ẹ gbà wá o!

Àmọ́ odindi kan ni. Ti tuntun pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ: ọ̀kan ń pín lẹ́tà, Postorius wà fún ètò, HyperKitty ń tọ́jú lẹ́tà àtijọ́. Ẹni tó ń tọ́jú package kan tẹ́lẹ̀, tó sì lè jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ló ń ṣe é, ti wá di alágbàtọ́ ọmọ mẹ́ta. Bí ọ̀kan bá yíwà padà, òun ni yóò là wọ́n níjà.

Ibi tó dùn wá gan-an nìyí: ẹ lè kó lẹ́tà àtijọ́ wọ HyperKitty, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì wọn á yí padà. Líǹkì tí ẹnì kan ti fi sínú ìwé rẹ̀ lọ́jọ́sí á já sófo, àfi tí alábòójútó bá rántí fi ojú ewé àtijọ́ sílẹ̀ níbi tó wà. Lójú tiwa, package fúnra rẹ̀ ló yẹ kó rántí, kì í ṣe ẹni tó ti ń tòògbé láago méjì òru.