Ohùn William Marshall, àti Àwọn Tó Ń Fi Ojú Nìkan Wá Òṣèré

Àwọn onílámèyítọ́ kan wà tí wọ́n máa ń yínmú sí ẹni tó bá ń wo eré kọ́bọ̀ì tàbí eré ọlọ́pàá àtijọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó sì ṣàdédé nàka sí tẹlifíṣọ̀n pé, “Ọkùnrin inú Star Trek mà nìyẹn!” Lójú tiwọn, eré ọmọdé ni, kò yẹ kó dénú ìwé àgbà. Àwọn mìíràn gbà pé iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n orúkọ ni wọ́n ń tò jọ bí ẹni tó ń to igbá lọ́jà, wọn kì í bi ara wọn pé kí ni orúkọ náà ń sọ. Èèyàn lè dárí ji àwọn ti àkọ́kọ́. Wọn ò mọ̀ ni. Àwọn tó ń to orúkọ ni kò ní àwáwí.

Ta ni kò tíì gbọ́ pé William Shatner, ẹni tó ṣe Kirk, ọ̀gá ọkọ̀ ojú sánmà inú Star Trek, rí iwin lórí apá ọkọ̀ òfuurufú nínú The Twilight Zone lọ́dún 1963? Ta ni kò mọ̀ pé Leonard Nimoy, ẹni tó ṣe Spock nínú Star Trek kan náà, ṣe dókítà oníṣẹ́-abẹ nínú Columbo lọ́dún 1973, ẹni tó fi òwú tí yóò yòrò nínú ara rán ọkàn àgbà dókítà tí wọ́n jọ ń ṣèwádìí, kí ọkùnrin náà lè kú láìsí ẹni tó máa fura? Kódà, The Man from U.N.C.L.E. ọdún 1964 tí àwọn méjèèjì ti pàdé, ọdún méjì kí Star Trek tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ títí ó fi gbó. Wọ́n á wá fi Mark Lenard kún un, torí ó ṣe ọ̀gágun àwọn Romulan, ọ̀tá inú Star Trek, lọ́dún 1966, ó ṣe Sarek, bàbá Spock, lọ́dún 1967, kó tó wọ awọ ìnàkí nínú Planet of the Apes orí tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 1974. Ó dára. Ó tó.

Bí àṣà wíwá ojú òṣèré láti eré dé eré yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ọdún mẹ́ta péré ni Star Trek lò, láti 1966 sí 1969, apá 79 sì ni wọ́n ṣe. Iléeṣẹ́ Desilu ní Hollywood tó ń ṣe é náà ló ń ṣe Mission: Impossible. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń béèrè òṣèré àlejò tuntun, àwọn tó mọṣẹ́ tí wọ́n sì tètè ń há ọ̀rọ̀ sórí kò pọ̀ lọ títí, nítorí náà ẹni tó jọba lórí ìràwọ̀ òkèèrè lónìí lè di olè báǹkì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò sí fídíò nílé nígbà náà. Eré tó bá ti kọjá ti kọjá. Àfìgbà tí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìlú kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn gbé jáde lójoojúmọ́, ní àwọn ọdún 1970, ni ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ojú pàdé. Òǹwòran Yorùbá tó ń pe Lérè Pàímọ́ ní Ẹ̀dá Onílé Ọlá nínú eré yòówù kó wà kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tí àwọn olùto-orúkọ fò dá ni William Marshall. Ìlú Gary ní ìpínlẹ̀ Indiana ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1924. Ó ga fíofío, ohùn rẹ̀ sì ń ti ìsàlẹ̀ ikùn wá bí ìgbà tí wọ́n bá ń lu gbẹ̀du. Òṣèré Shakespeare ni. Ó ṣe Othello ní Dublin lọ́dún 1962. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 1968, ó wọ inú Star Trek, nínú apá tí wọ́n pè ní “The Ultimate Computer.”

Ọ̀mọ̀wé Richard Daystrom ló ṣe níbẹ̀. Daystrom ló ṣe kọ̀ǹpútà tí àwọn ọkọ̀ inú eré náà ń lò; ó ti gba ẹ̀bùn Nobel láti ìgbà èwe, kò sì tíì rí nǹkan ṣe tó tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó gbé ẹ̀rọ tuntun kan dé, M-5, tó ti tẹ èrò inú ara rẹ̀ sí nínú. Ẹ̀rọ náà ya wèrè, ó ń pa àwọn èèyàn inú ọkọ̀ mìíràn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba àwọ̀ ara Daystrom, ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti máa yìnbọn pa Martin Luther King ní oṣù tó tẹ̀ lé e.

Ẹ wo ibi tó ti lọ bá M-5 sọ̀rọ̀. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bí bàbá tó ń pàrọwà fún ọmọ tó ti ṣe ohun tí kò ṣeé tún ṣe. Ẹ̀rọ náà ń dá a lóhùn láìní ìfẹ́, láìní ìbínú. Nígbà tó wá kọjú sí Kirk, ohùn kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè: ó ń rántí ọdún tó fi ṣe làálàá, ó ń rántí àwọn tó ń fi í rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, tí wọ́n sì ń fi iṣẹ́ rẹ̀ gbayì. Òṣèré mìíràn ì bá ti pariwo. Marshall kò ṣe bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn kan á ga, èyí tó tẹ̀ lé e á tún wálẹ̀, títí Spock fi fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nídìí ọrùn, tó sì ṣubú lulẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ojú ni àròkọ yìí bá bọ̀, ṣùgbọ́n ohùn ti gbé e ya báyìí. Ta ló ń sọ̀rọ̀ fún M-5? James Doohan ni, ẹni tó ń ṣe Scotty, ẹlẹ́rọ ọkọ̀ náà gan-an. Wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ sí i fún iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó ń fi ojú nìkan wá òṣèré lè wo ìran yìí lẹ́ẹ̀mẹwàá, Marshall nìkan ni yóò rí. Ẹni tó bá tẹ́tí ni yóò gbọ́ pé òṣèré méjì ló ń bá ara wọn jà níbẹ̀. Ohùn Marshall yìí kan náà ni àwọn ọmọdé gbọ́ lẹ́nu Ọba Kàtúùnù nínú Pee-wee’s Playhouse ní ìparí àwọn ọdún 1980.

Kí a wá máa tẹ̀ lé ohùn náà lọ. Lọ́dún 1964, nínú eré kọ́bọ̀ì Bonanza, Marshall ṣe Thomas Bowers, olórin opera tí wọ́n pè wá kọrin láìmọ̀ pé aláwọ̀ dúdú ni. Nígbà tó dé, ibi tí yóò sùn di ogun, wọ́n tún ń fura pé ẹrú tó sá lọ ni. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, nínú apá àkọ́kọ́ The Man from U.N.C.L.E., ó di Sekue Ashumen, olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòmìnira, ẹni tó ń dìtẹ̀ mọ́ àwọn mínísítà ara rẹ̀. Nínú fíìmù Blacula, ọdún 1972, ó jẹ́ Mamuwalde, ọmọ ọba tó lọ bẹ Dracula pé kó bá òun fòpin sí òwò ẹrú; Dracula bù ú jẹ lọ́rùn, ó sì tì í mọ́ inú pósí. Marshall fúnra rẹ̀ ló takú pé kí wọ́n fi ẹ̀dá náà ṣe ọmọ ọba. Ẹ gbé àwọn wọ̀nyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ Daystrom. Wọ́n á gbé Marshall gorí àga ọlá, wọ́n á sì fà á lulẹ̀ kí eré tó parí. Ẹni tó wo eré kan ṣoṣo kò lè rí i, àkójọ orúkọ náà kò sì ní sọ ọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn mínísítà Ashumen yẹn ni Ivan Dixon, òun náà jẹ́ ojú tí àwọn òǹwòran Twilight Zone mọ̀: òun ni abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tó dúró níwájú dígí lọ́dún 1960, tó ń ka àpá ojú ara rẹ̀ fún ọmọdékùnrin kan. Ó yẹ kí àwọn Yorùbá mọ̀ ọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1959, lórí ìtàgé Broadway, òun ló ṣe Joseph Asagai, akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá láti Nàìjíríà, nínú A Raisin in the Sun ti Lorraine Hansberry, ó sì tún ṣe é nínú fíìmù ọdún 1961. Asagai fún ọmọbìnrin kan nínú eré náà ní orúkọ kan, Alaiyo, ó ní ẹni tí oúnjẹ nìkan kò tó ló túmọ̀ sí. Létí Yorùbá, Aláyọ̀ ni orúkọ náà jọ, ibi tí oúnjẹ ti wọ̀ ọ́ kò yé èèyàn.

Marshall kú lọ́dún 2003. Orúkọ Daystrom ṣì ń jáde gẹ́gẹ́ bí orúkọ ilé ìwádìí nínú àwọn Star Trek tó tẹ̀ lé e, títí dé Picard ọdún 2020. Ẹni tó bá rí “The Ultimate Computer” wò, kó dijú nígbà tí Daystrom bá ń bẹ ẹ̀rọ rẹ̀, kó sì tẹ́tí sí àwọn méjèèjì.