Òfin Eré gẹ́gẹ́ bí Lámèyítọ́: Àyẹ̀wò Eré Ìjà Orí Tábìlì kan tí a fi Ìwé Fágúnwà ṣe ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Ìfáárà

Bí a bá sọ fún ọ̀pọ̀ olùkọ́ Yorùbá pé a lè ṣe lámèyítọ́ eré orí tábìlì, ẹ̀rín ni wọn yóò fi dá wa lóhùn. Lójú wọn, ìwé ni à ń ṣe lámèyítọ́ rẹ̀. Eré kò ju ohun tí ọmọdé fi ń ṣe fàájì lẹ́yìn iṣẹ́ ilé lọ. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ gbé kalẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ohun tí a gbà ni pé ẹni tí ó bá sọ ìtàn àròsọ di eré tí ó ní òfin ti ṣe lámèyítọ́ ìtàn náà, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀, nítorí pé òfin eré ni yóò fi ohun tí ó kà sí agbára nínú ìwé náà hàn. Ẹ̀rí tí a ó lò ni eré kan tí èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fi ọwọ́ ara wa ṣe ní ilé-ìwé girama kan ní agbègbè Aràmọkọ, láti inú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938. A kò ní fi àṣìṣe wa bò, nítorí pé inú rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà.

Irú eré tí à ń sọ

Nínú ayò ọlọ́pọ́n, gbogbo ọmọ ayò dọ́gba; kò sí èyí tí ó ní orúkọ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni dráàfù tí à ń fi ìdérí ìgò mínírà ta: àfi ọmọ tí ó bá dé ìlà ìkẹyìn nìkan ni ó ń di ọba. Eré ìjà orí tábìlì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ kékeré méjì, bí ènìyàn márùn-ún tàbí méje, ni ó ń pàdé ara wọn. Ọmọ eré kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, ó sì ní ohun tí ó lè ṣe tí ẹlòmíràn kò lè ṣe. Òkúta ni òkè, ẹ̀ka igi ni igbó, rúlà ni a fi ń wọn ìrìn, dáìsì lúdò ni ó sì ń sọ bóyá ohun tí a dáwọ́ lé yóò ṣẹ.

Irú eré báyìí ti pẹ́ lókè òkun. H. G. Wells tẹ ìwé òfin tirẹ̀, Little Wars, jáde ní 1913, ó sì sọ níbẹ̀ pé ogun tí a fi ọmọ-ogun ìṣeré jà sàn púpọ̀ ju ogun gidi lọ. Ní Amẹ́ríkà, Gary Gygax àti Jeff Perren fi oṣó àti abàmì ẹ̀dá kún eré ogun tiwọn ní 1971; ní 1974, Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde, ẹ̀dà 1,000 péré ni wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ̀. Kí òǹkàwé kíyè sí i pé Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún ti wà nínú ìwé Yorùbá fún ọdún 33 kí àwọn wọ̀nyí tó gbé abàmì ẹ̀dá sórí tábìlì. Kì í ṣe pé a ń yá iwin lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà tí a fi ń ka agbára ni a yá, ibẹ̀ gan-an ni a sì ti ṣìnà.

Àṣìṣe òfin àkọ́kọ́

Ọdẹ méje tí ó lọ sí Òkè Láńgbòdó yẹ fún irú eré yìí gidigidi. Àkàrà-Oògùn ni olórí. Kako ní kùmọ̀. Ẹ̀fọ̀ìyẹ̀ jẹ́ tafàtafà. Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-Ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko. Àràmàǹdà-Òkùnrin kò jọ ẹnikẹ́ni. Olóhùn-Iyọ̀ ní ohùn orin. Ìmọ̀dòye sì ní ọgbọ́n tí orúkọ rẹ̀ ń sọ. A fi amọ̀ mọ wọ́n, a kọ agbára wọn sórí páálí. Kako gba márùn-ún, Ẹ̀fọ̀ìyẹ̀ gba mẹ́rin, ọfà rẹ̀ sì lè rin íńṣì 12. Olóhùn-Iyọ̀ àti Ìmọ̀dòye gba oókan oókan, nítorí pé wọn kì í ṣe abìjà. A ní kí olúkúlùkù yan ọdẹ márùn-ún nínú méje.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí ẹni tí ó yan àwọn méjèèjì yìí. Ní ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan gbé Olóhùn-Iyọ̀ lé ọwọ́, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí èyí kò bá wúlò, kí ni Fágúnwà ní kó bá wọn lọ ṣe?” N kò rí èsì fún un. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni ni mo ti ń sọ fún kíláàsì pé Fágúnwà gbé ọgbọ́n ga ju ipá lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kàn mí láti ṣe òfin, òdìkejì rẹ̀ ni mo kọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sínú ìwé náà. Kí ni àwọn ọdẹ náà ń wá lọ? Kì í ṣe ìkógun, bí kò ṣe ohun tí yóò mú àlàáfíà bá ìlú wọn. Níbo ni wọ́n sì pẹ́ sí? Ọ̀dọ̀ Ìrágbèje ni, níbi tí wọ́n ti fi ọjọ́ méje gbọ́ ẹ̀kọ́, tí ẹnikẹ́ni kò na kùmọ̀ sí ẹnikẹ́ni. Òfin tí kò bá ka ohun mìíràn sí agbára ju lílù lọ ti gé apá yìí kúrò nínú ìwé, bí ẹni pé Fágúnwà kò kọ ọ́.

Òfin kejì: agbára ọ̀rọ̀

A tún òfin náà ṣe. Bí Olóhùn-Iyọ̀ bá fẹ́ dá ọ̀tá dúró, ẹni tí ó ni ín gbọ́dọ̀ kọrin tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. Bí Ìmọ̀dòye bá fẹ́ yí ìpinnu kan padà, òwe tí ó bá ọ̀ràn mu ni yóò pa. Bí Àkàrà-Oògùn bá fẹ́ lo oògùn, olówó rẹ̀ yóò ṣe gbólóhùn bí ti ọlọ́fọ̀: yóò dárúkọ nǹkan, yóò sọ ìwà rẹ̀, yóò sì fi ìwà náà gbe ohun tí ó ń bèèrè lẹ́sẹ̀. Adájọ́ kan yóò sọ bóyá ó yẹ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń du Ìmọ̀dòye mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n òfin yìí náà ní àléébù, èmi ni mo sì kọ́kọ́ lò ó ní ìlòkulò. Ọmọkùnrin kan tí ó ti Ìjerò wá fẹ́ kí Ìmọ̀dòye kọ́kọ́ padà sílé lọ palẹ̀ mọ́ kí ó tó wọ igbó. Ó pa òwe pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ṣùgbọ́n ẹ̀ka-èdè Èkìtì ni ó fi pa á: “ulé” ni ó pe “ilé”. Èmi tí mo jẹ́ adájọ́ ní kò tọ̀nà. Ọmọ náà gbé ọmọ eré rẹ̀ sílẹ̀, kò sì bá wa ṣeré mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Òwe tí ó sọ pé ilé ni ẹ̀ṣọ́ ti ń wá ni mo fi dá a lẹ́bi èdè ilé rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ níwájú kíláàsì. Òfin náà ti wá di pé ẹ̀ka-èdè yòówù tọ̀nà, bí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ bá lè túmọ̀ rẹ̀ fún ẹni tí ó ń bá ta.

Pípín eré náà

Ojú-ìwé mẹ́rin ni òfin náà gbà. A ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀ fún àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa ní Ìjerò, Ẹ̀fọ̀n Aláayè àti Òkè-Ìmẹ̀sí, a sì ní kí wọ́n tún un ṣe bí wọ́n bá ti fẹ́. Ní Ẹ̀fọ̀n, ìlú Agbọnbíọ̀fẹ́ agbẹ́gilére tí ó kú ní 1945, igi ni wọ́n fi gbẹ́ ọmọ eré tiwọn dípò amọ̀. Ní Òkè-Ìmẹ̀sí, wọ́n yọ irúnmalẹ̀ kúrò, wọ́n fi Ogun Kírìjì sí i, Fábùnmi sì di olórí ẹgbẹ́ kan.

Èyí wú wa lórí, nítorí pé bí àlọ́ ni eré tí a pín rí: ẹnu tí ó bá gbà á ni yóò fi tirẹ̀ kún un. Síbẹ̀, nígbà tí a wo òfin wọn, àṣìṣe wa àkọ́kọ́ ni a tún bá níbẹ̀. Ìbọn nìkan ni ó lágbára, eré kì í sì í parí àfi bí ẹgbẹ́ kan bá kú tán. Ogun Kírìjì gan-an, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí àwọn ọmọ-ogun kò sì tú ká tán títí di 1893, kò parí báyẹn. Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1886 ni ó là á, lẹ́yìn tí Samuel Johnson àti Charles Phillips ti ń ru iṣẹ́ lọ ru iṣẹ́ bọ̀ láàrin ibùdó méjèèjì. A kọ èyí sí wọn. Wọ́n fi alárinà kan kún un: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yìnbọn fún un, bí ó bá sì rí ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ méjèèjì gbà, eré parí láìsí olúborí. Wọ́n ní apá yìí ni ó le jù láti ta.

Àgbálọgbábọ̀

Eré yìí kò tíì pé. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ dá ṣáṣá ṣì ń borí ọmọ tí ó ń ronú jẹ́ẹ́, adájọ́ sì lè ṣègbè. Bí ó ti wù kí ó rí, a ti rí i pé ẹni tí ó ń ṣe òfin eré kò lè fi ohun tí ó gbà gbọ́ nípa ìwé pamọ́. Ìmọ̀ràn wa fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ ni pé kí ẹ tó bi kíláàsì ní ìbéèrè ìdánwò lórí ìtàn àròsọ kan, ẹ ní kí wọ́n ṣe òfin eré fún orí kan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n léèrè ẹ̀dá ìtàn tí kò sí ẹni tí ó yàn, àti ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Eré tí ó bá ka ọfà tí kò ka obì kò tíì ka ìwé náà tán.