Àrokò Inú Òòfà: Lámèyítọ́ lórí Yíyọ Dátà Jáde Nínú Dísíkẹ́ẹ̀tì Àtijọ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka iṣẹ́ yíyọ dátà, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà fi pa mọ́, jáde nínú dísíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sí àtúnṣe ẹ̀rọ lásán, ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, iṣẹ́ ìwé kíkà ni, ọgbọ́n tó sì ń fẹ́ kò jìnnà sí ti ẹni tí ń túmọ̀ àrokò. Nínú àrokò, owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn ẹni tó fi í ránṣẹ́ fà sí ẹni tí yóò gbà á, nítorí pé "fà" ń bẹ nínú ẹ̀fà; mẹ́jọ sì ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọra, nítorí pé "jọ" ń bẹ nínú ẹ̀jọ. Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè yìí, owó ẹyọ lásán ni yóò rí, bí ẹyọ kan ṣoṣo kò tilẹ̀ dín níbẹ̀. Bákan náà ni ikú méjì ṣe ń dọdẹ dísíkẹ́ẹ̀tì: ikú ara rẹ̀, àti ikú ìmọ̀ tí a fi ń kà á.

Ikú ara ni ojú tètè ń rí. Abala ike tẹ́ẹ́rẹ́ róbótó tí a fi lẹ́búlẹ́bú ìpẹtà irin kùn ni dísíkẹ́ẹ̀tì. IBM gbé èyí tó fẹ̀ tó ínṣì 8 jáde ní 1971, Sony gbé oní-ínṣì 3.5 jáde ní 1981, ó sì jáwọ́ nínú ṣíṣe é ní 2011. Nínú ọ̀rinrin, dísíkẹ́ẹ̀tì a máa bu, ohun tó so ìpẹtà náà mọ́ ike a sì máa tú, tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí a bá kàn tì í bọ ẹ̀rọ, orí ẹ̀rọ náà yóò ha á, àkọsílẹ̀ yóò sì bá ìpẹtà lọ. Nítorí náà ni ọ̀jáfáfá fi máa ń kọ́kọ́ fi ìka yí abala náà díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ iná, tí ó ń fi òwú tí a rẹ sínú ọtí isopropyl nù ún, tí ó sì ń ṣí ihò kékeré tó wà ní igun rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ̀rọ má baà kọ nǹkan tuntun lé e.

Níbi kíkà ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Kọ̀ǹpútà lásán a máa kà, a sì máa túmọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tí kò bá yé e, a kà á sí àṣìṣe, a sì fò ó. Dísíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ǹpútà Amiga ní ipa róbótó 80 lójú kọ̀ọ̀kan, ipa kọ̀ọ̀kan ní ìpín 11, ìpín kọ̀ọ̀kan sì gba báìtì 512, àròpọ̀ ojú méjèèjì sì jẹ́ báìtì 901,120. Síbẹ̀, ẹ̀rọ tí ń ka dísíkẹ́ẹ̀tì nínú kọ̀ǹpútà irú ti IBM kò lè kà á, nítorí pé àmì tí ó ń retí láàárín ìpín kan sí èkejì kò sí níbẹ̀. Irinṣẹ́ tí à ń pè ní KryoFlux kì í túmọ̀ ní tirẹ̀. Àkókò tó wà láàárín ìgbà tí òòfà yí padà àti ìgbà tí ó tún yí ni ó ń kọ sílẹ̀. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, àlàfo náà lórí dísíkẹ́ẹ̀tì Amiga yóò jẹ́ nǹkan bí mẹ́rin, mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, inú bí iye mẹ́ta yìí ṣe tò tẹ̀ léra ni gbogbo ọ̀rọ̀ àti àwòrán sì wà. Sùúrù yìí ni ẹwà iṣẹ́ náà: kí a gba ohun tí a gbọ́ sílẹ̀ tán, àti àbùkù rẹ̀, kí a tó sọ ohun tó túmọ̀ sí.

Ikú kejì hàn gbangba nínú ọ̀rọ̀ Andy Warhol, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, tó fi Amiga ya àwòrán olórin Debbie Harry lójú gbogbo ènìyàn nígbà tí ilé-iṣẹ́ Commodore ń gbé kọ̀ǹpútà náà jáde ní New York ní 1985. Ó kú ní 1987, dísíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì wà ní Andy Warhol Museum ní Pittsburgh, títí ayàwòrán mìíràn, Cory Arcangel, fi rí fídíò ọjọ́ náà ní 2011, tó sì béèrè ohun tó kù. Ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Carnegie Mellon University fi KryoFlux kà wọ́n. Orúkọ bí campbells.pic àti marilyn1.pic yọjú, ṣùgbọ́n kò sí ètò kọ̀ǹpútà òde òní tó lè ṣí wọn, nítorí pé ètò ìyàwòrán tí kò tíì dé ọjà ni Warhol lò. Àfi ìgbà tí wọ́n jókòó ti báìtì wọ̀nyí, tí wọ́n tú bí wọ́n ṣe tò wọ́n, ni àwòrán 28 tó jáde fáyé ní 2014. Nínú ọ̀kan, Venus, abo òrìṣà tí ayàwòrán àtijọ́ Botticelli yà, ní ojú kẹta níwájú orí.

Ẹjọ́ tí iṣẹ́ yìí dá nìyí: ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tó kó dísíkẹ́ẹ̀tì sínú àpótí gbígbẹ, tí kò sì tọ́jú ètò tí a fi kọ ọ́ àti àlàyé bí báìtì rẹ̀ ṣe tò, owó ẹyọ ló tọ́jú, kò tọ́jú àrokò. Ẹni tó yọ àwòrán jáde, tó wá da àkọsílẹ̀ òòfà nù, ti gba ìtumọ̀ tirẹ̀ gbọ́ ju orísun lọ, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì ní lè bá a jiyàn. Láti 1985 ni ojú kẹta Venus ti wà níbi tí Warhol fi í sí, tí ìpẹtà irin sì dì í mú ṣinṣin; àwọn tó lè kà á ló pẹ́ kí wọ́n tó dé.