Èèwọ̀ àti Ìjà Ilé: Àyẹ̀wò Ìwé Ìrántí Méjì ti Àwọn Júù

Ohun tí a kò níí jẹ, a kì í fi run imú. Òwe yìí bá òfin oúnjẹ àwọn Júù mu. Ìwé Léfítíkù orí 11 ka ẹlẹ́dẹ̀ léèwọ̀, àti gbogbo ẹ̀dá inú omi tí kò ní lẹbẹ àti ìpẹ́. Ohun tí ó bá òfin mu ni wọ́n ń pè ní kosher. Èyí tí ó jẹ́ èèwọ̀ ni treyf. Ẹni tí ó bá ka òfin náà nìkan lè rò pé Júù tí ó bá ti jẹ èèwọ̀ ti jáde kúrò nínú agbo. Ìwé ìrántí méjì tí a tẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Treyf ti Elissa Altman (2016) àti Savage Feast ti Boris Fishman (2019), fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Queens, ní ìlú New York, ni Altman ti dàgbà. Ní ọjọ́ Sátidé, sínágọ́gù; ní ọjọ́ kejì, ìhà ẹlẹ́dẹ̀ tí àwọn ará Ṣáínà sè. Òǹkàwé lè pe èyí ní àgàbàgebè, ṣùgbọ́n ìwé náà ṣí ọ̀nà mìíràn sílẹ̀: ẹni tí kò mọ èèwọ̀ kò lè mọ adùn jíjẹ èèwọ̀. Nípa mímọ ohun tí wọ́n ń rú, Júù ni wọ́n ṣì jẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ treyf kò dúró nínú ìkòkò. Ó bọ́ sára ènìyàn. Obìnrin bíi tirẹ̀, ọmọ ilé Kátólíìkì, ni Altman yàn láti bá gbé. Ìdílé tí ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀ ha lè pe ọmọ ara rẹ̀ ní èèwọ̀ bí? Ìbéèrè yìí ni ó gbé ìwé náà ró.

Ọ̀nà tí Fishman gbà yàtọ̀. Ní Minsk, lábẹ́ ìjọba Soviet, ni a bí i ní 1979. Ó bá ìdílé rẹ̀ ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ní 1988. Ìjọba yẹn fi agbára tẹ ẹ̀sìn rì, síbẹ̀ ó kọ “Júù” sínú ìwé ìdánimọ̀ wọn. Òfin oúnjẹ lọ, orúkọ kù. Ìyá àgbà rẹ̀ la ìparun tí àwọn Násì mú bá àwọn Júù Minsk já. Yorùbá ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Nínú ilé yìí, ebi lọ, ìbẹ̀rù rẹ̀ kò lọ. Nítorí náà ni àwo fi ń kún àkúnwọ́sílẹ̀, tí ọmọ tí ó bá kọ oúnjẹ fi dà bí ẹni tí ó kọ ẹbí. Ẹni tí ń fúnni jẹ a sì máa fẹ́ yan iṣẹ́ àti aya fúnni: ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó wú ni lórí jù ni pé Oksana, obìnrin ará Ukraine tí ń tọ́jú bàbá àgbà náà, tí kì í ṣe Júù, ni ọmọ-ọmọ yìí dúró tì ní ilé ìdáná láti kọ́ oúnjẹ tí ó mú un padà sílé. Ọwọ́ àlejò ni ó di ohun ìní ìdílé mú.

Àwọn ìwé náà kò ṣàì ní àléébù. Altman a máa fò láti ìgbà kan sí òmíràn, òǹkàwé a sì máa wá ojú ọ̀nà. Ìlànà oúnjẹ sísè tí Fishman fi sáàárín ìtàn lè mú kí ìjà gbígbóná tètè tutù, bí ẹni pé ọbẹ̀ ti parí rẹ̀. Bí ó ti wù kí ó rí, kò sí èyí tí ó purọ́ pé àpèjẹ kan ti tún ilé ṣe.

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò kọ ìtàn ilé rẹ̀. Ìdílé Yorùbá náà ní èèwọ̀, wọ́n sì ní àwọn tí ó ti jẹ ẹ́. Kí òǹkọ̀wé sọ ohun tí ó wà nínú àwo, ẹni tí ó bù ú, àti ẹni tí ó kọ̀ ọ́. Kí ó má sì yára parí ìjà tí àwọn tí ó jà á kò tíì parí.