Lẹ́ǹsì Òde Alẹ́

Ayafọ́tò tó ń gba iṣẹ́ òde alẹ́ mọ ìgbà tí wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí tọkọtìyàwó bá ti fẹ́ jó wọlé, wọn á pa gbogbo iná funfun inú gbọ̀ngàn, wọn á wá tan elésè àlùkò àti búlúù. Àwọn àlejò á hó yèè. Lẹ́ǹsì 18-55 tó bá kámẹ́rà wá nínú páálí ò ní bá wọn hó: tí a bá fà á dé 55, f/5.6 ni ojú rẹ̀ lè ṣí dé, ìyẹn ìdá kan péré nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ tí f/2.8 ń gbà wọlé.

Fíláàṣì ńkọ́? Mo ń lò ó tí ẹbí bá tò fún fọ́tò. Àmọ́ tí mo bá kọ ọ́ sí èèyàn lójú, gbogbo iná tí wọ́n fowó ńlá ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ló ń pa rẹ́, iwájú orí oníkálukú á sì máa dán yinrin. Ẹ wo ìyá ìyàwó tó jókòó ti tábìlì tí àbẹ́là ń jó lórí rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, ó gba àgbọ̀n, ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó fọwọ́ kan etí gèlè, bí màmá sì ṣe ń mi orí sí orin ni aṣọ òkè ń tàn tó sì ń ṣú. Àwọ̀ dúdú inú irú ìmọ́lẹ̀ yìí kì í ṣe ẹyọ kan. Tí a bá yà á ní òkùnkùn tán tí a wá ń fi kọ̀ǹpútà tan ìmọ́lẹ̀ sí i, àmì tótòtó ló máa bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà.

Lẹ́ǹsì 50 tí ojú rẹ̀ ń ṣí dé f/1.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ ju f/2.8 lọ, kò sì wọ́n. Àmọ́ níbo ni mo fẹ́ fà sẹ́yìn sí? Àga ló wà lẹ́yìn mi, onílù wà lápá ọ̀tún, àwọn tó ń náwó ti dí ojú ọ̀nà. Ní 24, gbogbo agbo wọlé. Mo yí ọwọ́ díẹ̀, mo dé 70, ó ku ojú ìyàwó àti náírà tó ń já bọ́ láti iwájú orí rẹ̀. Ìdí nìyí tí 24-70 f/2.8 fi jẹ́ ààyò mi. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni kó wà níwájú f yẹn o. Tó bá jẹ́ méjì, bí ẹ ṣe ń fà á ni ojú rẹ̀ ń pa dé.

Ní 2012, Tamron fi ohun tí kì í jẹ́ kí lẹ́ǹsì gbọ̀n sínú 24-70 tirẹ̀. Ó wúlò nínú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí èèyàn ti jókòó jẹ́ẹ́. Ọwọ́ tèmi ló ń mú dúró, kì í mú ẹsẹ̀ oníjó dúró. Ẹsẹ̀ oníjó ń fẹ́ kí kámẹ́rà yára ṣẹ́jú ní 1/250 ìṣẹ́jú àáyá, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló sì lè ra irú eré bẹ́ẹ̀ fún wa.

Canon gbé 28-70 f/2 jáde ní 2018. Ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀ f/2.8 ló ń gbà, ṣùgbọ́n gíráàmù 1,430 ló wúwo, òde wa kì í sì í tán bọ̀rọ̀. Ẹ bá mi fún ẹlòmíì. Ẹni tí sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà rẹ̀ kéré lè wá 17-50 f/2.8, tàbí 18-35 f/1.8 ti Sigma, tó mọ́ rekete, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 35 kò lè fa ojú èèyàn súnmọ́ tòsí.

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń rà. Kí n tó yọwó, màá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù gba inú lẹ́ǹsì kọjá, màá wò ó bóyá nǹkan funfun ti ń ta kiri nínú rẹ̀ bí òwú aláǹtakùn. Ọ̀rinrin ló ń fà á. Màá yí òrùka rẹ̀ síwá-sẹ́yìn kí n mọ̀ bóyá ó ń há. Lẹ́yìn náà, màá ní kí ọmọ ọjà dúró ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù níbi tí iná ò dé, màá fà á dé 70, màá ṣí i dé f/2.8, màá wá dojú rẹ̀ kọ ìpéǹpéjú ọmọ náà. Bí irun ibẹ̀ bá yọ ketekete, a lè bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàádúrà nìyẹn.